Ẹni Tó Jalè Lẹ́ẹ̀kan: Bá A Ṣe Ka Les Misérables Tán ní Àgbádárìgì

Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé kí ló gbé ìwé Faransé dé Àgbádárìgì o. Tó o bá wọ mọ́tò ní ráńdábáọ̀tù níbí, tọ́nà bá dáa, kó o tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ ẹ tán o ti dé Sẹ̀mẹ̀, ẹni tó ń ta omi fún ẹ á sì ti máa kí ẹ ní Faransé. Àwọn Ògù àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ àti Kùtọnù, French Village sì wà ní Àjárá níbẹ̀ yẹn táwọn ọmọ yunifásítì ti ń wá kọ́ èdè náà láti gbogbo Nàìjíríà. Faransé kọ́ ló bà wá lẹ́rù. Sísanra ìwé yẹn ló bà wá lẹ́rù.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe, mo máa ń tẹ ìwé, mo máa ń báàyàn di í. Músíọ̀ (bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn, ó ti fi Faransé kọ́ọ̀yàn títí irun ẹ̀ fi funfun) ló gbé fóònù wá lọ́jọ́ kan ní Disẹ́ńbà pé kí n bá òun tẹ orí márùn-ún àkọ́kọ́ jáde nínú Les Misérables ti Victor Hugo, ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Isabel Hapgood túmọ̀ ní 1887, ó ti pẹ́ débi pé ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní ah, Músíọ̀, mo mọ̀ ọ́n, ṣebí fíìmù tí wọ́n ń fi gbogbo ẹnu kọrin nínú ẹ̀ yẹn ni. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹ̀. Ó ní gbogbo yín lẹ ti wo fíìmù, ta ló ti ka ìwé? Ibi tá a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Méje la jẹ́. Músíọ̀, èmi, kọ́pà kan tí wọ́n pòsìn ẹ̀ wá síbí láti Ọ̀yọ́, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, onídìrí tó wà ní òdìkejì, Ìyá Alágbọn tó ń tajà ní ọjà Àgbálátà, àti Sà. Sà ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé mi nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti bímọ méjì yìí, tó bá wọlé mo ṣì máa ń dìde. Mo ti jẹ ẹgba ẹ̀ rí. Ẹni tó bá kàwé lábẹ́ ẹ̀ mọ òwe kan tó máa ń pa ní àsẹ́ńbílì, á fa gílásì ẹ̀ sísàlẹ̀ imú, á ní: "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán borí..." gbogbo wa á sì jọ fi ohùn kan parí ẹ̀ pé "aṣọ olè ló dà bora!"

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Orí 365 ló wà nínú ìwé náà, apá márùn-ún. Músíọ̀ ní ṣé ẹ rí i báyìí, orí kan lójúmọ́, ọdún kan géérégé, a ti parí. Ó dùn létí. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ló gbà wá, torí ẹni tó ń sọ pé orí kan lójúmọ́ ò mọ̀ pé iná máa lọ, ọmọ máa ṣàìsàn, ọjọ́ ọjà máa pé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń jókòó. Èmi tàbí kọ́pà á kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó tú u sí Yorùbá bá a ṣe ń lọ, tó bá dé ibi tí Hapgood bá lọ́rọ̀ pọ̀ Músíọ̀ á ṣí ti Faransé tiẹ̀, á ní rárá o, ohun tí bàbá yẹn sọ gan-an kọ́ nìyẹn. Télọ̀ ò yé pe ìwé náà ní Lesi Miserébù títí a fi parí. Músíọ̀ bá a jà títí ó sú u.

Ìjà wa àkọ́kọ́, lórí bíṣọ́ọ̀bù ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ni ìtàn, Jean Valjean, orí 14 la kà ká tó gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ lọ́nà? Bíṣọ́ọ̀bù Myriel la wà lọ́rùn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ohun tó jẹ, ibi tó sùn, iye tó ń gbà. Kọ́pà, tó ti wo fíìmù, ní ẹ jẹ́ ká fo èyí jàre, ìtàn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Alágbọn wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, tí wọ́n bá lọ tọrọ ìyàwó, ṣé orúkọ ọmọ ni alága ìdúró fi ń bẹ̀rẹ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun ló gbádùn orí yẹn jù o, torí Hugo kọ ìwé ìnáwó bíṣọ́ọ̀bù náà síbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìwé oníṣòwò. 15,000 fránkì ló ń gbà lọ́dún, 1,000 péré ló mú fún ara ẹ̀, ó pín gbogbo ìyókù. Ààfin tí wọ́n fún un, ó gbé e fún ọsibítù torí aláìsàn 26 ló há mọ́ inú ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun wá kó síbi tí àwọn yẹn wà. Ìyá ní kí n bá òun fọ́tòkọ́pì ojú ìwé yẹn. Ó fẹ́ mú un lọ fi han àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. (Mi ò bi í léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́.)

Ìgbà tí Valjean wá dé, kò sẹ́ni tó tún sọ pé ká fo nǹkan kan. Búrẹ́dì kan ló jí, ìgbà òtútù 1795, kò síṣẹ́, ọmọ méje ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń sunkún ebi. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ó sá, wọ́n mú un, wọ́n fi kún un, ó tún sá, títí ó fi di ọdún 19. Nọ́ńbà 24601 lorúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde ní 1815, owó iṣẹ́ tó kà sílẹ̀ fúnra ẹ̀ jẹ́ 171 fránkì, wọ́n yọ tibí yọ tọ̀hún, 109 fránkì àti owó wẹ́wẹ́ ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Télọ̀ ní irú ẹ̀ ti ṣe òun rí, kì í ṣe Faransé nìkan ló mọ ìyẹn ṣe. Àti àwọn ọmọ méje yẹn ńkọ́? Nínú gbogbo ọdún tó lò lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbúròó ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹni tó rí i ní ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àbíkẹ́yìn. Mẹ́fà ti sọnù, Hugo ò sì wá wọn. Ìyá Alágbọn ní, "Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tá à ń gbé, ẹ mọ̀ pé èèyàn ò lè pa òwe yẹn níbí kí ojú má yí sápá ọ̀sà, síhà Gbẹ̀rẹ̀fú níbi tí wọ́n ti ń kó wọn kọjá.

Ẹ̀yìn ìyẹn la dé ibi ìwé yẹ́lò. Nígbà tí wọ́n dá Valjean sílẹ̀, wọ́n fún un ní páásì àwọ̀ yẹ́lò tó gbọ́dọ̀ fi hàn níbikíbi tó bá dé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ni, eléwu èèyàn ni. Owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò ríbi jẹun. Ó wọ ilé ajá kan láti sùn, ajá lé e jáde. Onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Èmi ń kà á lọ, mo gbójú sókè, mo rí i pé Sà ti yọ gílásì ẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Máa kà á lọ." Mo kà á lọ.

Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá gbà á sílé tí Valjean jí àwo fàdákà ẹ̀ gbé lóru, àfi bíi pé Sà ti ń dúró de ọjọ́ yẹn. Òwe ẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àwa ọmọ ilé-ìwé ẹ̀ sì parí ẹ̀ fún un láìronú. Kọ́pà ní ṣùgbọ́n sà, bíṣọ́ọ̀bù sọ fún ọlọ́pàá pé òun lòun fún un, ó tún fi ọ̀pá àbẹ́là fàdákà méjì lé e. Sà ní bíṣọ́ọ̀bù ti parọ́ fún ìjọba nìyẹn. Látọjọ́ yẹn, nígbà tí ọlọ́pàá Javert wọ inú ìtàn, tó ń lé Valjean káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, Sà ti ní ẹni tiẹ̀ nínú ìwé. Gbogbo wa ń bú Javert, òun ń gbèjà ẹ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n bí sínú ẹ̀wọ̀n ni, bàbá ẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n, tó fọwọ́ ara ẹ̀ la ọ̀nà, kò gba rìbá, kò parọ́, irú ẹ̀ mélòó lẹ ní ní Nàìjíríà? A ò lè dáhùn.

Fantine ló pa onídìrí lára. Fantine fi ọmọ ẹ̀ Cosette sílẹ̀ lọ́dọ̀ tọkọtaya Thénardier kóun lè ríṣẹ́ ṣe. Ìyá Alágbọn dá wa dúró lórí ìṣirò wọn, ó ní tún un kà: fránkì méje lóṣù, kí ó san oṣù mẹ́fà sílẹ̀, 42, kí ó fi 15 sí i, 57. Ó ní "Ó pé. Olè tó mọ ìṣirò nìyẹn." Kò pẹ́, méje di 12, 12 di 15, wọ́n ń kọ lẹ́tà irọ́ pé ara ọmọ ò yá. Fantine ta irun ẹ̀, irun tó dé ìbàdí, fránkì mẹ́wàá. Onídìrí ní dúró, ó dé ibo? Mo ní ìbàdí. Ó dákẹ́ ó ń fi ọwọ́ wọn ọ́n lójú afẹ́fẹ́. Ó ní irun èèyàn gidi, irú gígùn yẹn, àwọn tá à ń rà á lọ́wọ́ wọn, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á fún wa? Ó ní látìgbà tóun ti ń ran wíìgì mọ́ọ̀yàn lórí òun ò rò ó rí pé orí kan ló ti kúrò. Ẹ̀yìn irun ló kan eyín, iwájú méjèèjì, 40 fránkì. Ibẹ̀ la ti dá a dúró lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Waterloo ńkọ́? Orí 19 lórí ogun kan tó ti parí ní 1815, tí ẹni tí ìtàn jẹ́ tiẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kí n má parọ́, èmi náà fẹ́ fò ó. Télọ̀ fò ó ní tiẹ̀, kò sọ fún wa. Ìgbà tó di apá kẹta, Marius, ọmọkùnrin tó máa fẹ́ Cosette, ń wá Thénardier kiri láti san oore fún un pé ó gba ẹ̀mí bàbá òun là lójú ogun, télọ̀ ní oore wo? Ta ló gba ta là? Ilẹ̀ mọ́ ọn lójú. Orí tó gbẹ̀yìn Waterloo gan-an, níbi tó ti sú gbogbo èèyàn, ló wà níbẹ̀: òru ni, Thénardier ń yẹ àpò àwọn òkú wò, ó fa ọ̀gágun kan jáde lábẹ́ òkú kó lè rí aago ẹ̀ gbé, ọ̀gágun la ojú, ó rò pé ẹni tó wá gba òun là ni. Oore ọdún gbọọrọ, orí olè ló dá lé. Télọ̀ padà lọ kà á. Kọ́pà náà ní tiẹ̀, ìwé lẹ́búrú kan ló lọ rà lábẹ́ bíríjì l'Ékòó, ìtumọ̀ Norman Denny ti 1976, ni Músíọ̀ bá ń ka ìwé ẹ̀ ó rí i pé Denny ti yọ àwọn orí kan láàárín, ó lọ kó wọn sẹ́yìn ìwé. A dá a lẹ́jọ́. Àmọ́ ọ̀kan nínú ohun tí Denny kó sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ nípa ilé àwọn sísítà, mo ti kà á, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó yẹ ẹ́ ló kó o sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan iná ò sí, ooru mú, a gbé àga lọ sápá Marina, létí ọ̀sà. Músíọ̀ ń tọ́ka sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó ní ṣé ẹ rí ilé yẹn, 1845 ni wọ́n kọ́ ọ tán, ọdún yẹn náà ni Hugo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ó kọ ọ́ dé 1848, rògbòdìyàn bẹ́ ní Paris, ó gbé e jù sílẹ̀. Ìjọba tuntun dé, ó sá kúrò nílùú, ó wà ní erékùṣù Guernsey kó tó tún ṣí i ní 1860. Ó parí ẹ̀ ní 1861, ìyẹn ọdún tí Òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú, ó jáde ní 1862, nígbà tó di 1863 wọ́n gba Àgbádárìgì náà. A ń wo ilé yẹn. Mo ti ń kọjá níwájú ẹ̀ látìgbà ọmọdé, fún àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò ni mo kà á sí. Ìgbà tí wọ́n ń kan òrùlé ẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹnì kan jókòó lọ́nà jíjìn tó ń kọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì kan sílẹ̀. Kọ́pà ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe báyìí, Músíọ̀? Músíọ̀ ní ẹ ò ní fi ṣe nǹkan kan, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ìgbà òjò la dé inú gọ́tà Paris, ó bọ́ sásìkò. Hugo dá ìtàn dúró lójú ibi tó gbóná jù, Valjean gbé Marius tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́yìn, ó ń sá kúrò níbi ìjà táwọn ọ̀dọ́ bá ìjọba jà ní Paris ní 1832, ó bọ́ sínú ihò gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, ni bàbá yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gọ́tà fún wa. Ó ní mílíọ̀nù 25 fránkì ni Paris ń dà sómi lọ́dọọdún, pé ìgbẹ́ èèyàn ni ajílẹ̀ tó dáa jù, wọ́n ń fi í ṣòfò. Títì wa lọ́jọ́ yẹn, omi ti kún gọ́tà ó ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, a gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì a ń ka gọ́tà ẹlòmíì. Èyí tá a ò fò rárá nìyẹn.

Javert wá kú. Valjean ti ní àǹfààní láti pa á níbi ìjà yẹn, ó tú u sílẹ̀, ó yìnbọn sókè. Nígbà tí Valjean jáde nínú gọ́tà, Javert ló bá níbẹ̀, ó bá a gbé Marius délé, ó sanwó ọkọ̀, ó ní kí Valjean wọlé lọ, òun á dúró dè é. Ìgbà tí Valjean fi máa wòta, Javert ti lọ. Kò lè mú un, kò sì lè má mú un. Ó rìn lọ sí tèṣàn, ó jókòó sídìí tábìlì tí ìwé àti yíǹkì wà lórí ẹ̀, ó kọ kókó mẹ́wàá fún ìjọba nípa bí wọ́n ṣe lè tún iṣẹ́ ṣe. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń dé láti ọ̀dọ̀ adájọ́, wọ́n máa ń ní kí wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n dúró lórí òkúta tútù tí wọ́n bá ń yẹ ara wọn wò, púpọ̀ nínú wọn ló ń wúkọ́ tí wọ́n bá padà. Ó buwọ́ lù ú. Ó jáde, ó bẹ́ sódò Seine.

Kọ́pà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó fẹ́ lọ kú, ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹlẹ́wọ̀n ló ń kọ.

Sà ò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì rọra sọ ọ́ débi pé Ìyá Alágbọn ní kí télọ̀ pa rédíò. Ó ní níbi tóun ti ṣiṣẹ́, ọmọ tí wọ́n bá lé torí olè, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìwé tó máa mú lọ síbòmíì, báírò pupa ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òun lòun ń kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan wà, SS1, ó jí ìwé mẹ́ta ní láíbúrì. Wọ́n bá a lábẹ́ ibùsùn ẹ̀, kò tà wọ́n, ọ̀kan nínú ẹ̀ ó ti ṣẹ́ ojú ìwé síbi tó kà dé. Ilé-ìwé mẹ́rin ló gbé ìwé yẹn lọ, wọn ò gbà á. Ìyá ẹ̀ wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì pé kí sà bá òun kọ òmíì. "Mo pa òwe fún un," bó ṣe wí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó máa fẹ̀yìn tì ló wá kọ lẹ́tà sáwọn ọ̀gá lókè pé kí wọ́n yéé kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ìwé ọmọ. Wọn ò fèsì. Músíọ̀ bi í pé níbo lọmọ náà wà báyìí. Ó ní òun ò mọ̀.

Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ibí yìí ni mo ti máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo wà ní àsẹ́ńbílì yẹn. Wọ́n so ìwé mẹ́ta mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ó dúró lórí pèpéle, Sà fa gílásì ẹ̀ sísàlẹ̀, gbogbo wa sì fi ohùn kan parí òwe. Mo rántí pé mo pariwo dáadáa. Mo rántí pé ó dùn mọ́ mi.

Ìyá Alágbọn la àgbọn kan, ó fún Sà lómi ẹ̀ mu. A ò kàwé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

A parí ìyókù ní oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀. Valjean kú, ọ̀pá àbẹ́là bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń jó, wọn ò kọ orúkọ sórí sàréè ẹ̀. Onídìrí sunkún, télọ̀ ní ojú òun ń yún òun. Ìyá bi wá léèrè ìwé tó kàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Sà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní kùtùkùtù. Mo dìde. Ó ní kí n bá òun tẹ ibi kókó mẹ́wàá Javert yẹn jáde, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi torí ojú òun. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ má sanwó sà. Ó ní èló ni ojú ìwé kan? Ó ka owó ẹ̀ sórí tábìlì, ó dúró gba ṣéńjì àádọ́ta náírà. Ó wá jókòó sórí àga kọ́sítọ́mà, ó ní kí n fún òun ní ìwé funfun kan àti báírò. Kọ́sítọ́mà míì ti dé, mo ń kánjú, mo na èyí tó wà nítòsí sí i láìwò ó. Ó dá a padà.

Ó ní, "Búlúù."